Ọmọ Kẹrìnlélógún Nínú Fáìlì

Láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́, wọn ò tíì bí ìyá ọmọ tó máa purọ́ fún mi. Bí mo ṣe wí nìyẹn, tàyà-tàyà, lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé báàgì wọ ilé ìwòsàn kékeré kan ní Agbowa lọ́dún 2006. Mo ní kí obìnrin ṣáà lanu, màá mọ ohun tó gbé mì nígbà tó lóyún.

Nọ́ọ̀sì tó ń gbé ìkókó sórí ìwọ̀n ò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Wòlíì."

Kúbúrá lorúkọ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti ṣubú, kò sì dìde mọ́.

Iṣẹ́ tí Dókítà Ọláògún, ọ̀gá ìwádìí wa, rán mi rọrùn lórí ìwé. Kí n wá àwọn ọmọ ọdún márùn-ún, kí n bi ìyá wọn bóyá ó mu ọtí, sìgá, igbó tàbí oògùn tí dókítà ò kọ fún un nínú oyún, kí n wá wo bí ọmọ ṣe ń sọ̀rọ̀ àti iye páálí ìṣáná tó lè tò léra.

Ilé àkọ́kọ́, mo bèèrè iye ọmọ. Wọ́n wò mí bí olè. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ilé kejì, ìyàwó ni mo bi, ìyá ọkọ ló dáhùn. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, gẹ́gẹ́ bí fáìlì mi ṣe wí, kò sí aboyún kankan ní gbogbo agbègbè wa tó mu ju omi lọ.

Kúbúrá ló ṣàánú mi. Ó máa ń tẹ̀lé mi lọ sílé wọn, á gbé ìwọ̀n sí ẹ̀yìnkùlé, á ní kí ìyá ọkọ bá òun gbé ọmọ lọ síbẹ̀. Bí ìyá àgbà bá ti jáde, ìyàwó á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, nígbà mìíràn pẹ̀lú omijé.

Síbẹ̀, iṣẹ́ náà ò níparí. Ẹni tí mo bá sọ̀rọ̀ lónìí, ó ti kó lọ sí Ṣàgámù kí n tó padà dé. Ọmọ tí kò tètè sọ̀rọ̀, ṣé oògùn ni, ṣé ebi ni, ṣé ibà ọdún kìíní ni? Mi ò mọ̀. Lórí ọ̀kadà nírọ̀lẹ́, àárẹ̀ kì í jẹ́ kí èmi àti Kúbúrá lè sọ̀rọ̀ mọ́. Àá kàn pín àgbàdo sísè kan jẹ, àá máa wo ọ̀nà.

Lọ́jọ́ kan mo ní, "Adúmáadán mi, bó bá jẹ́ pé ó máa rẹ̀ wá náà ni, jẹ́ kó máa rẹ̀ wá nínú ilé kan."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ọmọ òun, Lateefat, tí í ṣe ọmọ kẹrìnlélógún nínú fáìlì mi, kò yẹ kó wà lábẹ́ àwọn tí ìyá wọn ò mu nǹkan kan.

"Irọ́ ni mo pa fún yín. Bàbá rẹ̀ sá lọ nígbà tí oyún pé oṣù mẹ́rin, mi ò rí oorun sùn mọ́. Oògùn ikọ́ tó ń kunni lóorun ni mo ń mu títí mo fi bí i. Ẹ kọ òótọ́ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, bí ẹ bá ṣì fẹ́ mi, ẹ wá."

Lateefat yìí, ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló ń sọ lójúmọ́. Èmi Wòlíì! Mo kọ ọ́ sínú fáìlì. Mo sì fẹ́ Kúbúrá ju ti àná lọ.

Àṣìṣe mi ni pé mo sọ ọ̀rọ̀ oògùn yìí fún ìyá mi. Alhaja Fàlílátù wọkọ̀ láti Ìkòròdú, ó já wọ ilé ìwòsàn Agbowa, ó ní ẹni tó fi oògùn ba ọmọ lọ́pọlọ jẹ́ nínú ikùn ò ní wọlé òun. Òun tó bí mi, omi lòun mu.

Kúbúrá kúnlẹ̀ kí i. Ó wá yíjú sí mi pẹ̀lẹ́ pé, "Ẹ bá mi gbé Lateefat lọ sórí ìwọ̀n ní ẹ̀yìnkùlé."

Mo gbé e. Ìdí ọmọ ti kan ìwọ̀n kó tó yé mi pé èmi ni wọ́n ṣe bí ìyá ọkọ.

Láti ojú fèrèsé, ohùn ìyá mi ti rẹlẹ̀. "Ọmọ mi, ẹ̀yìn ló ń dùn mí nígbà tí mo lóyún ọmọkùnrin yìí. Páráàgà ni mo ń tà fáwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́. Èmi náà ń mu kọ́ọ̀pù kan láàárọ̀, kan nírọ̀lẹ́, títí mo fi bí i. Kò sẹ́ni tó bi mí rí."

Mo gbọ́ ìró bírò.

"Màmá, ìgbà wo ló sọ̀rọ̀?"

"Ó pé ọdún mẹ́rin. Látìgbà náà, kò tíì dákẹ́."

Lẹ́yìn Iléyá, wọ́n so yìgì wa ní Ẹ̀pẹ́, nílé àwọn òbí Kúbúrá. Wáàsí Lẹ́mọ́mù gùn. Ìyá mi ń sunkún, ó di ìyàwó mi mú. Dókítà Ọláògún náà wá, kò lè ní sùúrù. Ó to páálí ìṣáná síwájú Lateefat, ó yọ bírò. Ẹni tó ń dá oògùn lẹ́bi ń wò, ẹni tó ń bẹ Ọlọ́run ń wò.

Lateefat wo páálí ìṣáná, ó wo gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó ní, "Ebi ń pa mí."