Omi Ẹ̀ẹ̀meje

Ọkùnrin tó gbé ajá kọ́rùn bí ẹni gbé àgbò Iléyá ni Kareemah rí lọ́jọ́ náà, kó tó rí ojú ẹni tó gbé e. Ó ń sọ̀kalẹ̀ lórí àpáta tó wà lẹ́yìn Kuta, ó ń fi gìgísẹ̀ wá ibi tí yóò tẹ̀, ajá pupa náà sì ń wo ilẹ̀ láti èjìká rẹ̀, ara rẹ̀ balẹ̀ bí ti ẹni tó ti sanwó ọkọ̀. Oòrùn àárọ̀ Sátidé ń ràn lẹ́yìn àwọn méjèèjì. Kareemah dúró, ó ń wò wọ́n, kò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹnu òun là sílẹ̀.

Hikmat ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló fà á wá. Ilé ẹ̀kọ́ kan náà ni wọ́n ti jọ ń ṣe tíṣà ní Ìwó, Hikmat sì ti wò ó títí pé bí ọ̀rẹ́ òun bá tún fi òpin ọ̀sẹ̀ kan sí i máàkì ìwé, ẹ̀yìn rẹ̀ yóò tẹ̀ kó tó pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ó ní àwọn kan wà tí wọ́n máa ń gun òkè ní gbogbo Sátidé, tọkùnrin tobìnrin, eré ìdárayá lásán ni. Kareemah tẹ̀lé e lọ, ṣùgbọ́n bàtà tó ń wọ̀ lọ sí kíláàsì ló wọ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ ti ọ̀tún sì ti ṣí tán nígbà tí ọkùnrin alájá yìí fi dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ó kí wọn, ó rọra gbé ajá sílẹ̀, ó ní ẹ̀gún ló gún un lẹ́sẹ̀ lókè. Lẹ́yìn náà ló wo bàtà Kareemah.

"Tíṣà ni yín, àbí?"

"Ta ló sọ fún yín?"

"Bàtà yín ni. Pátákó ìkọ̀wé ló ń wá, àpáta ló bá."

Kareemah fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló jáde. Ọkùnrin náà yọ rọ́bà tó gé lára túùbù táyà nínú àpò, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì di bàtà náà pọ̀ dáadáa. Ó ní Abdulfatah ni orúkọ òun, mẹkáníìkì kẹ̀kẹ́ Màrúwá lòun ní Ìwó, ará Olúpọ̀nnà ni àwọn bàbá òun, òun kò sì tíì rí ohun tó bàjẹ́ tí rọ́bà túùbù kò lè mú délé.

Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín ni ajá ti na ọrùn, tó sì lá etí kaba Kareemah.

Kareemah fò sẹ́yìn. Ọmọ Alfa Mùrí ni, Alfa Mùrí tó ni ilé kéwú láàárín ìlú. Nínú ilé wọn, aṣọ tí itọ́ ajá bá kàn, ẹ̀ẹ̀meje ni wọ́n ń fi omi ṣàn án, ti àkọ́kọ́ pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀, kí ẹni tó wọ̀ ọ́ tó lè kírun. Ó ti fẹ́ sọ pé òun ń lọ sílé nígbà tó rí i pé Abdulfatah ti ń bu iyẹ̀pẹ̀, ó sì ń ṣí ìdérí ike omi. Mùsùlùmí lòun náà, ó mọ ohun tó dé.

"Ẹ na etí kaba yẹn síta," ó ní. "Èmi ni mo lajá, èmi ni kí n da omi."

Ó ń dà á, ó ń kà á, kò kánjú rárá. Ike omi mẹ́rin ló tán sórí etí kaba kan ṣoṣo. Nígbà tó fi máa ka eéje, kò ku omi mímu fún ẹnikẹ́ni, Hikmat sì ráhùn títí wọ́n fi dé ìsàlẹ̀ pé ọ̀fun òun ti gbẹ. Kareemah kò gbọ́ ọ. Ohun tó ń rò ni bí ọwọ́ tí gírísì ti sọ di dúdú ṣe lè da omi jẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti ra kánfáàsì.

Ṣùgbọ́n ọmọ alfa kì í ṣàdédé máa bá ọkùnrin gun òkè. Ràhámọ̀tù, ìyá rẹ̀, ní bó bá jẹ́ pé nítorí ìlera ni wọ́n ṣe ń rìn, òun náà ń wá ìlera. Ó wọ ọkọ̀ Matthew, ọ̀rẹ́ Abdulfatah tó ń fi bọ́ọ̀sì kékeré rẹ̀ gbé gbogbo wọn, ó gbé fúláàsì tíì lé itan, ó sì jókòó sáàárín àwọn ọmọ méjèèjì gbọin-gbọin. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ìsàlẹ̀ òkè ló tẹ́ ẹní sí. Lọ́sẹ̀ kejì, ó gùn ún dé ìdí igi ọ̀dán tó wà ní ìdajì ọ̀nà. Nígbà tí oṣù méjì máa fi pé, òun ló ń dúró de àwọn yòókù lórí òkè, tíì lọ́wọ́, tó ń bi wọ́n pé kí ló pẹ́ wọn tó bẹ́ẹ̀. Ajá a jókòó ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí i. Ó jọ pé àdéhùn wà láàárín wọn pé kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Tanímọ̀la ni orúkọ ajá náà. Bàbá àgbà Abdulfatah, tó ṣọdẹ ní Olúpọ̀nnà, ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí bàbá náà ṣubú sóko, tí kò lè dìde, ajá yìí ló jókòó tì í láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n fi rí i. Ọjọ́ kẹta ló kú, ohun tó sì sọ gbẹ̀yìn fún ọmọ ọmọ rẹ̀ ni pé kó tọ́jú ajá náà dé ọjọ́ ikú rẹ̀. Tanímọ̀la ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlá báyìí. Bó rìn díẹ̀ a jókòó, ìdí nìyẹn tí Abdulfatah fi máa ń gbé e kọ́rùn, yálà ẹ̀gún gún un tàbí kò gún un.

Orí àtẹ̀gùn Ìdànrè ni ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ti jáde. Matthew ló gbé wọn lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé kan tí oyé mú. Ràhámọ̀tù ti bá Hikmat lọ síwájú, ó ń ka àtẹ̀gùn sókè bí ẹni ka tẹ̀sùbáà. Àwọn méjì kù sẹ́yìn pẹ̀lú ajá tó ń sinmi.

"Kareemah, mi ò mọ ọ̀rọ̀ dídùn sọ," Abdulfatah ní. "Mo kàn mọ̀ pé láti ọjọ́ Àìkú ni mo ti máa ń retí Sátidé."

"O ṣì kù díẹ̀ káàtó. Èmi, láti ìrọ̀lẹ́ Sátidé fúnra rẹ̀ ni."

Inú Abdulfatah dùn jù. Ó béèrè bóyá kí òun wá rí Baba. Kareemah ní kó wá, olólùfẹ́ òun, ṣùgbọ́n kó fi gírísì sílẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n gun àtẹ̀gùn tó kù bí ẹni tí kò gùn ún.

Ẹ wá wo ohun tí wọ́n ṣe. Ìyá àti ọmọ ti ròyìn òkè fún Alfa Mùrí, wọ́n ròyìn atẹ́gùn, wọ́n ròyìn ọkọ̀ Matthew àti ìwà Abdulfatah. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ajá. Oníkálukú ń retí kí ẹnìkejì sọ ọ́.

Abdulfatah lọ, ó dọ̀bálẹ̀, Alfa sì fẹ́ràn rẹ̀. Ó bi í nípa iṣẹ́, nípa ìrun, nípa àwọn ẹbí rẹ̀, ẹ̀rín ń bẹ lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó ń sìn ín dé ẹnu ọ̀nà ló rí irun pupa lára ṣòkòtò rẹ̀, ó sì béèrè ohun tó jẹ́. Abdulfatah kò purọ́. Alfa kò pariwo. Ó ní inú ilé òun ni ogójì ọmọ kéwú ń tẹ́ ẹní sí láti kírun, òun kò lè fa ọmọ òun lé ẹni tí ajá ń bá gbélé lọ́wọ́. Ó ní kó wá ibi gbé ajá náà lọ, kó padà wá, ilẹ̀kùn yóò ṣí sílẹ̀ fún un.

Lọ́jọ́ kejì, Kareemah lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù.

"Fatah, jọ̀ọ́, gbé e fún ẹlòmíràn. Ajá ni."

"Ta ni yóò gba ajá tó ti darúgbó? Ẹni tó bá gbà á, o mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Mo sì ti ṣèlérí."

"Èmi ńkọ́?"

Ó fi sípánà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Bí mo bá lè ju èyí tí wọ́n fà lé mi lọ́wọ́ nù torí pé ó ti darúgbó, kí ni wàá fi gbà mí gbọ́ lọ́jọ́ tí ìwọ náà bá darúgbó?"

Kareemah ní ó ń fi òun wé ajá. Ó yí padà, ó gun ọ̀kadà, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ títí dé ilé. Ó mọ̀ pé òótọ́ ni Abdulfatah sọ, ohun tó sì ń dùn ún jù nìyẹn.

Sátidé mẹ́ta kọjá. Kareemah padà sídìí ìwé tó ń máàkì, Hikmat kò sì bá a dápàárá mọ́. Ràhámọ̀tù a máa wo kánfáàsì tirẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn, a mí kanlẹ̀, a kọjá. Fúláàsì rẹ̀ ṣì wà nínú ọkọ̀ Matthew, kò sì mọ bí òun yóò ṣe ránṣẹ́ gbà á.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kẹrin, lẹ́yìn ìrun, Abdulfatah gbé fúláàsì náà wá. Ó fẹ́ fi í lé ẹnikẹ́ni tó bá bá níta lọ́wọ́, kó sì máa lọ. Kò pe ajá, ajá ló tẹ̀lé e láti ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó dé, kò sẹ́ni níta. Alfa nìkan ló jókòó sí pálọ̀, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, ó ń ka kéwú ọjọ́ Jímọ̀, èyí tó ti ń kà láti ìgbà èwe rẹ̀: ìtàn àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n gbé ìgbàgbọ́ wọn sá lọ sórí òkè, tí wọ́n sùn sínú ihò fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Alfa kì í dá kíkà dúró nítorí àlejò. Ó fọwọ́ pe Abdulfatah wọlé, ó fọwọ́ júwe ẹní fún un.

Abdulfatah fi àtẹ́lẹwọ́ han ajá, ó wọlé. Tanímọ̀la dùbúlẹ̀ síbi àbáwọlé, ó na ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì, ó gbé orí lé e. Èékánná rẹ̀ kan kò kọjá sínú ilé.

Kareemah wà lẹ́yìn kọ́tìnì yàrá. Ó ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ náà, kò sì lè kúrò níbẹ̀.

Alfa ń kà lọ. Ó dé ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ ajá àwọn ọ̀dọ́ náà, bó ṣe na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí ẹnu ọ̀nà ihò. Ó ti ń ka ibẹ̀ fún ogójì ọdún, kò dúró níbẹ̀ rí. Lọ́jọ́ yìí, ohùn rẹ̀ dúró. Ó gbójú sókè, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó wo ìwé, ó tún wo ẹnu ọ̀nà.

Nígbà tó sọ̀rọ̀, ó béèrè ẹni tó kọ́ ajá náà láti má wọlé. Abdulfatah ní bàbá àgbà òun ni, torí inú yàrá ni wọ́n ti ń kírun. Ó béèrè ìdí tí kò fi gbé e lọ. Abdulfatah sọ ọ̀rọ̀ oko fún un, ó sọ ti ìlérí, kò fi nǹkan kan kún un. Alfa fi ìka kan ibẹ̀ nínú ìwé.

"Ọlọ́run ka ajá yẹn mọ́ wọn," ó ní. "Kò ní kí wọ́n lé e. Mo ń kà á láti ọjọ́ yìí, mi ò rí i." Ó pa ìwé dé. "Ìta ni yóò máa gbé. Kò gbọ́dọ̀ dé ibi ìrun, kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan ìkòkò. Bó bá lá aṣọ ọmọ mi, ẹ̀ẹ̀meje ni."

"Mo ti mọ̀ ọ́n dà, Baba."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn kọ́tìnì, ẹni náà ló tún bú sẹ́kún. Alfa pe ọmọ rẹ̀ jáde, ó bi í bóyá ọkùnrin yìí wù ú. Kareemah kúnlẹ̀, ó ní ó wu òun.

Kareemah sin Abdulfatah dé ẹnu ọ̀nà, níbi tí ajá wà. "Ohun tí mo fi fẹ́ràn rẹ ni mo torí ẹ̀ bínú sí ọ," ó ní. "Jọ̀ọ́, má bínú."

"Mi ò bínú. Sátidé ni mo kàn ń retí."

Ní oṣù kẹta sí ìgbà náà ni wọ́n so yìgì wọn níwájú ilé Alfa. Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, Alfa ní òun fẹ́ rí òkè tó gba ìyàwó òun lọ́wọ́ òun. Ràhámọ̀tù ra kánfáàsì fún un, ó sì wọ̀ ọ́ sábẹ́ agbádá. Ó sinmi ní ìdí igi ọ̀dán, ó sinmi lẹ́ẹ̀mejì sí i, ó gùn ún dé orí. Ó rí òrùlé Kuta àti ti Ìwó lókèèrè, ó jókòó, ó ń dúpẹ́ lábẹ́lẹ̀.

Tanímọ̀la dìde níbi tó wà. Ó kọjá ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá, ó dé ọ̀dọ̀ Alfa, ó lá etí agbádá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì padà lọ jókòó.

Hikmat wo àwọn ike omi, ó di ojú. Alfa wo etí aṣọ rẹ̀, ó wo ajá, ó wo ọmọ rẹ̀ tó di ọwọ́ ọkọ mú. Ó na etí agbádá náà sí àna rẹ̀.

"Máa dà á," ó ní. "Èmi ni n ó máa kà."

Abdulfatah bu iyẹ̀pẹ̀, Kareemah ṣí ike omi, Alfa sì ka eéje, ó kà á sókè, kò fo ọ̀kan. Òùngbẹ gbẹ gbogbo wọn dé ìsàlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kò sẹ́ni tó ráhùn, àfi Hikmat.