Ìgbín Inú Òkúta

Funfun ni ọkùnrin náà láti orí dé ẹsẹ̀ lọ́jọ́ tí ọmọbìnrin tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kọ́kọ́ rí i. Iṣẹ́ òkúta fífọ́ ló ń ṣe, eruku ẹ̀ sì ti bo irun àti ìpéǹpéjú ẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni Eléruku, ṣé ẹ fẹ́ wọlé ni àbí ẹ fẹ́ wẹ̀?"

"Èyí tó bá jẹ́ ọ̀fẹ́ nínú méjèèjì."

Ẹ̀rín pa ọmọbìnrin náà. Bí ọkùnrin ṣe sọ ẹnu ọ̀nà yẹn di ojúde ilé ẹ̀ nìyẹn, tí ìfẹ́ sì wọ̀ wọ́n lára.

Bàbá ọmọbìnrin nìkan ló kù kó fọwọ́ sí i. Òun ni ọ̀gá àwọn tó ń ṣèwádìí òkúta nínú ilé náà. Láti ìgbà èwe ẹ̀ ló ti ń wá irú ìgbín òkun kan tó ti parun kí èèyàn tó délé ayé, tí ìkarahun ẹ̀ ti di òkúta. Àfọ́kù ẹyọ kan péré ni wọ́n tíì rí.

Lọ́jọ́ kan, òòlù ọkùnrin yìí hú odindi jáde. Ó sáré gbé e wá, ọmọbìnrin sì mọ̀ ọ́n látinú àwòrán tí bàbá ẹ̀ yà.

"Ọkọ mi, ohun tó o máa fi tọrọ mi rèé! Àmọ́ ó ti dọ̀tí jù. Fi sáńpépà ha á kó dán, bí àwọn tó wà nínú àpótí gíláàsì wa."

Ó ha á tọkàntọkàn.

Bàbá tú aṣọ tí wọ́n fi wé e. Ó yí i síwá sẹ́yìn.

"Àwọn ìlà ara ẹ̀ dà?"

"Mo ti ha wọ́n kúrò, sà."

"Ìlà yẹn la fi ń dá a mọ̀! Òkúta lásán lo gbé wá yìí." Omi lé ròrò sójú ẹ̀. "Ta ló ní kó o ha á?"

Ọmọbìnrin ń wo ilẹ̀. Ahọ́n tó ń fi àlejò ṣẹ̀fẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́ wá wúwo lẹ́nu ẹ̀.

"Èmi ni mo dá a rò, sà," ọkùnrin náà dáhùn.

"Máa lọ."

Kò padà wá mọ́. Ìtìjú ń jẹ ọmọbìnrin nínú. Nígbà tí ara ẹ̀ ò gbà á mọ́, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, èmi ni mo ní kó ha á."

"Mo mọ̀. Ojú ẹ ni mo ń wò lọ́jọ́ náà. Ọkùnrin yẹn yẹ lẹ́ni téèyàn ń fẹ́. Ìwọ ni mi ò mọ̀ bóyá o yẹ ẹ́."

Ọmọbìnrin sunkún dé ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta.

"Mo ti jẹ́wọ́ fún Bàbá. Ṣé o ṣì máa fẹ́ mi?"

Ó pẹ́ kí ọkùnrin náà tó gbé òòlù sílẹ̀.

"Mo máa fẹ́ ẹ. Àmọ́ ó dùn mí. Ó dùn mí gan-an ni."

Kóòtù ni wọ́n ti ṣègbéyàwó. Bàbá wá. Ó bọ ọkọ ìyàwó lọ́wọ́, ó dì í mú pẹ́, kó tó wá kí ọmọ bíbí inú ẹ̀.