Ọmọ Ẹ̀gbọ́n Alhaja

Orí òrùlé ni Sódìq wà, tó ń de pánẹ́ẹ̀lì sólà mọ́ páànù, nígbà tó rí ọmọbìnrin kan tó ń jó lórí kápẹ́ẹ̀tì.

Kápẹ́ẹ̀tì pupa ńlá ni, wọ́n tẹ́ ẹ sí àárín àgbàlá, omi ọṣẹ sì ti bò ó. Ọmọbìnrin náà ká ìró rẹ̀ dé orúnkún, ó ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ìdọ̀tí jáde lára rẹ̀. Rédíò kékeré kan ń kọrin lójú fèrèsé, òun náà ń bá a kọ ọ́, apá ń fò, ìdí ń yí, ìfófó ọṣẹ ń ta sókè. Oòrùn Ṣakí nínú oṣù kejì kì í ṣàánú ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹ ò ní mọ̀ bẹ́ẹ̀ tí ẹ bá wo ojú ọmọ yìí.

Ibi tí Sódìq ti ń wò ó ni sípánà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yí gbirigbiri lórí páànù, ó já sínú omi ọṣẹ, gbàù! Ìfófó bo ọmọbìnrin náà lójú.

"Bọ̀ọ̀dá orí òrùlé, ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí! Ọwọ́ mi ló yọ̀."

"Ṣé ọwọ́ yín ló yọ̀ ni, àbí ojú yín ló yà?"

"Kí n má purọ́," Sódìq dáhùn, "ojú ni."

Ọmọbìnrin náà fẹ́ fajú ro, ẹ̀rín ò jẹ́. Ó mú sípánà náà, ó nù ún mọ́ ìró rẹ̀, ó sì gun àkàbà dé ìdajì kó lè nà án sí i. Ọwọ́ kan ọwọ́. Mo mọ̀ pé àwọn òǹkọ̀wé kan á sọ fún yín pé iná mànàmáná gbé àwọn méjèèjì. Iná kankan ò gbé ẹnikẹ́ni. Sódìq kàn gbàgbé ohun tó gun òrùlé wá ṣe ni.

Ìgbà yẹn ni onílé jáde. Alhaja Sọ̀fíyàt ni, ẹni tó ń kó ọkà bàbà àti àgbàdo láti Kíṣí títí dé Ìjìó, tí gbogbo Ṣakí mọ ilé rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹlẹ́ẹ̀rọ," ó ní. "Ṣé ẹ ti rí Misturat? Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni."

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìlú wa, ẹ mọ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Olówó ọ̀dọ̀ wa kì í sọ lójú àlejò pé òun gba èèyàn síṣẹ́ nínú ilé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ni, ọmọ àbúrò ni, ọmọ ìyá wa kan ní abúlé ni. Lójú tiwọn, "ọmọ ọ̀dọ̀" dàbí èébú, wọ́n á wá fi ẹbí bò ó mọ́lẹ̀. Misturat kò bá Alhaja tan rárá. Ìjìó ni wọ́n ti bí i, létí ẹnubodè Bẹ̀nẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni, iṣẹ́ ló sì bá wá ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Òun ló ń se oúnjẹ, òun ló ń tọ́jú ilé, òun ló tún ń tọ́jú ìyá Alhaja, Ìyá Àgbà, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Alhaja kì í jẹ ẹ́ lówó oṣù. Orúkọ iṣẹ́ náà nìkan ni kì í fẹ́ pè.

Misturat gbọ́ ohun tí wọ́n pè é. Ó la ẹnu, ó tún pa á dé. Ojú rẹ̀ ti wà lára onísípánà.

Láàárín oṣù kan, bátìrì ilé Alhaja ṣàìsàn lẹ́ẹ̀márùn-ún, gẹ́gẹ́ bí Sódìq ṣe wí. Gbogbo ìgbà ló ń wọkọ̀ láti Ìsẹ́yìn, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ dáadáa, tí kò jọ aṣọ iṣẹ́.

"Ẹ̀rọ yìí mà ń gba ìtọ́jú o," Alhaja a sọ.

"Ó ń fẹ́ àmójútó, Mà," Sódìq a dáhùn, á sì máa wo ilé ìdáná.

Ọ̀sán Jímọ̀ ni ọwọ́ Misturat máa ń dilẹ̀ díẹ̀. Wọ́n á jókòó lábẹ́ igi kajú kan nítòsí obìnrin Fúlàní tó ń ta wàrà, wọ́n á jẹ wàrà díndín, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín títí ojú àwọn tó ń kọjá á fi máa yí sí wọn.

"Kí lo máa ń rò tí o bá wà lórí òrùlé?" Misturat bi í lọ́jọ́ kan.

"Mo máa ń rò pé ó yẹ kí gbogbo ilé ní òrùlé méjì, kí iṣẹ́ mi má tètè tán."

"Ẹlẹ́nu dídùn!"

"Ìwọ lo ń fi wàrà bọ́ ẹnu náà."

Ó gbá a léjìká. Lẹ́yìn náà, ó gbé wàrà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Sódìq, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ sọ."

"Tí kì í bá ṣe pé o ti lọ́kọ, kò sí ọ̀rọ̀ tó lè bà mí lẹ́rù."

Misturat wo ojú rẹ̀. Ayọ̀ kún ibẹ̀ débi pé kò sí àyè láti fi nǹkan mìíràn sí i. Ẹ̀rù bà á. Ó fẹ́ràn ọkùnrin yìí, kò sì mọ ẹni tí ọkùnrin náà fẹ́ràn, bóyá òun ni, bóyá ọmọ ẹ̀gbọ́n Alhaja ni.

"Kò sí," ó ní. "Ata inú wàrà yìí ló pọ̀ jù."

Sódìq ní tirẹ̀ kò lè dúró mọ́. Ó pe Alhaja lórí fóònù, ó ní ẹbí òun fẹ́ wá tọrọ ọmọ lọ́jọ́ Sátidé, kí Alhaja má sọ fún Misturat, òun fẹ́ kó yà á lẹ́nu. Ẹ wo wàhálà! Tí Alhaja bá ní kì í ṣe ọmọ ẹ̀gbọ́n òun, ó ti di òpùrọ́ ọlọ́dún mẹ́ta lójú gbogbo àdúgbò. Ó ní, "Ẹ máa bọ̀," ó rò pé òun á ti rí ọ̀rọ̀ sọ kó tó di Sátidé. Kò rí i. Ohun tó sọ fún Misturat kò ju pé àlejò pàtàkì ń bọ̀, kó gún iyán sílẹ̀.

Bí ìyàwó ṣe gún iyán àna ara rẹ̀ nìyẹn, láìmọ̀.

Ìyá Sódìq ló ṣáájú wọlé, Màmá Abọ́sẹ̀dé, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, tí kì í fi ojú fo ohunkóhun. Ẹ̀gbọ́n bàbá Sódìq tẹ̀ lé e, Sódìq sì kẹ́yìn pẹ̀lú agbádá tuntun. Wọ́n jókòó, wọ́n kíra, wọ́n sọ ìdí tí wọ́n fi wá.

Misturat gbé omi wọlé. Ó rí agbádá náà, ó rí ojú ẹni tó wọ̀ ọ́, ó sì mọ ohun tó gbé wọn wá.

"O ṣeun, ọmọ mi," Màmá Abọ́sẹ̀dé gba omi. "Ìyàwó wa dà o?"

"Òun nìyẹn, Màmi," Sódìq ní, inú rẹ̀ ń dùn bíi kó fò.

Obìnrin náà gbé ife rẹ̀ sílẹ̀. "Ìyàwó ló ń bu omi fún àna? Ṣé kò sí ẹlòmíràn nínú ilé ńlá yìí ni? Alhaja, ẹ̀gbọ́n yín wo ló bí i?"

Alhaja ń tún gèlè tí kò bàjẹ́ ṣe.

Misturat rọra gbé atẹ́ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, Mà. Èmi kì í ṣe ọmọ ẹ̀gbọ́n Alhaja. Òṣìṣẹ́ ni mí nínú ilé yìí. Ìjìó ni bàbá mi wà, àgbẹ̀ ni, Yẹ̀kínì lorúkọ rẹ̀. Ilé tí ẹ wá kì í ṣe ilé tó lè fún yín ní ìyàwó."

Màmá Abọ́sẹ̀dé ló kọ́kọ́ dìde, Alhaja sì ni ìbínú rẹ̀ dojú kọ.

"Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí tí wọ́n mú mi lọ sílé olówó kan ní Ìbàdàn. Wọ́n ní ọmọ ni mo jẹ́ fún wọn. Ọmọ wọn ń lọ sílé ìwé, èmi ọmọ ń fọ aṣọ! Láti ọjọ́ náà ni mo ti sọ ọ́: olówó tó bá ní ọwọ́ méjì, kó fọ abọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa gba ẹnikẹ́ni sílé fún irú iṣẹ́ yìí."

"Ìyá mi tó wà ní yàrá ńkọ́?" Alhaja fèsì, omi ti lé sí i lójú. "Ta ni kó gbé e jókòó nígbà tí mo bá lọ ra ọkà? Ṣé kí n ti ọjà pa ni, àbí kí n fi í sílẹ̀ lórí ẹní?"

"Màmá," Misturat dá sí i, "ìyà tó jẹ yín kò jẹ mí. Mo ti dàgbà kí n tó wá. Ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi rìn wá, mo ń gba owó mi, mo sì mọ iṣẹ́ mi ṣe. Ohun tó ń dùn mí ni pé wọ́n ń fi mí pamọ́ bí ẹni tó jalè. Òṣìṣẹ́ ní wákàtí tó ń sinmi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n kò ní in. Ìgbàkígbà ni wọ́n lè pè é."

Sódìq fò dìde. Ó rò pé àsìkò òun ti tó láti sọ ohun tó dùn.

"Mistú, kò sí ohun tó bàjẹ́! Mo ṣì fẹ́ ọ. Tí a bá ti ṣègbéyàwó, wàá fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀ pé o ṣe é rí."

"Ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀?"

"Ẹnikẹ́ni, olólùfẹ́ mi."

Misturat dìde lórí ìkúnlẹ̀. "Nígbà náà, ọmọ ẹ̀gbọ́n Alhaja lo wá fẹ́. Kò sí níbí. Ẹ jẹ iyán yín, kó má tutù."

Ó wọ yàrá Ìyá Àgbà lọ, ó fi orí lé arúgbó náà léjìká, ó sunkún títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ó dùn ún gan-an, nítorí kò tíì fẹ́ràn ẹnikẹ́ni báyẹn rí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Alhaja wá bá a ní ilé ìdáná. "Misturat, mo ṣẹ̀ ọ́," ó ní, kò sì wá àwáwí kankan. Láti ọjọ́ yẹn, aago méje àárọ̀ sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ní ọjọ́ méjì láti sinmi lọ́sẹ̀. Misturat gba yàrá kan nítòsí. Ní ìrọ̀lẹ́, Alhaja fúnra rẹ̀ ló ń bọ́ ìyá rẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó fọ abọ́, ó fọ́ méjì.

Sódìq ńkọ́? Ó gbé ìbínú lọ sí Kíṣí, níbi tó ti ríṣẹ́ sólà tuntun. Ó ní òun ò mọ ohun tí òun ṣe tó burú. Lọ́jọ́ kan, oníbàárà rẹ̀ bi í léèrè, wọ́n kàn ń ṣeré ni: "Àfẹ́sọ́nà rẹ ńkọ́? Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?"

"Òṣìṣẹ́ ìjọba ni," Sódìq dáhùn.

Irọ́ náà jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, kò tiẹ̀ ronú sí i. Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ó sì dàbí ẹni pé Alhaja ló ń ti ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ojú tì í débi pé kò lè jẹun mọ́. Ó parí iṣẹ́ náà ní kíá, ó wọ ọkọ̀ tó ń lọ Ṣakí.

Aago mẹ́rin ti lu nígbà tí Misturat jáde ní géètì pẹ̀lú báàgì rẹ̀. Ó rí i, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dúró.

"Mo purọ́ ní Kíṣí," Sódìq ní kó tó kí i. "Wọ́n bi mí nípa rẹ, mo ní òṣìṣẹ́ ìjọba ni ọ́."

"Ìjọba ilé ìdáná?"

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ayọ̀ mi. Èmi ni mo ń tijú, ìwọ kò ní ohun ìtìjú kankan. Máa ṣe iṣẹ́ rẹ. Mo máa kó wá sí Ṣakí. Lọ́jọ́ tó bá rẹ̀ ọ́, èmi á se oúnjẹ."

"Kí lo mọ̀ ọ́n sè?"

"Ẹyin díndín."

"Nìkan?"

"Mo lè fi àlùbọ́sà sí i."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Misturat, ó sì fẹ́ dì mọ́ ọn níbẹ̀ lójú gbogbo àwọn ọlọ́kadà. Ó mú ara dúró. "Ọ̀rọ̀ ẹnu géètì kò ṣòro, Sódìq, àwa méjì péré la gbọ́ ọ. Lọ bá bàbá mi ní Ìjìó. Ọjọ́ tí wọ́n bá bi ọ́ nípa iṣẹ́ mi lójú èèyàn ni màá mọ̀."

Ó lọ. Ìyá rẹ̀ bá a lọ, bàbá Misturat sì gbà wọ́n. Lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀, nígbà tí òjò ti rọ̀ tí àwọn èèyàn ti ń kọ ebè, wọ́n kó jọ sí àgbàlá Yẹ̀kínì fún yìgì. Alhaja wá, ó gbé Ìyá Àgbà dání nínú mọ́tò, wọ́n gbé e jókòó lórí àga onírọ̀rí níwájú.

Àáfà mú ìwé ìgbéyàwó jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Orúkọ ọkọ. Orúkọ bàbá rẹ̀. Iṣẹ́ ọkọ.

"Ó ń ṣe sólà," wọ́n dáhùn.

"Iṣẹ́ ìyàwó?"

Alhaja wo ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá Sódìq na ọrùn, ó sọ̀rọ̀ sí Àáfà létí, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló gbọ́ ọ: "Ẹ ṣáà kọ oníṣòwò."

Misturat kò mí lábẹ́ ìbòrí rẹ̀. Bírò Àáfà ti kan ìwé.

"Ẹ dúró, Àáfà!" Sódìq ti wà lórí orúnkún rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì dé ojú títì. "Òṣìṣẹ́ ilé ni. Ilé Alhaja Sọ̀fíyàt ní Ṣakí ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń tọ́jú ìyá tó jókòó yìí. Tó bá di ọjọ́ Mọ́ńdè, á padà síbi iṣẹ́ rẹ̀, èmi ni màá sì gbé e lọ."

Àáfà wo ọ̀tún, ó wo òsì. Màmá Abọ́sẹ̀dé, tí kò fẹ́ràn iṣẹ́ náà títí di òní, fi etí gèlè nu ojú. "Ẹ kọ ọ́ bí ọmọ mi ṣe pè é," ó ní. Àáfà kọ ọ́.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọjú sí ìyàwó. Àwọn ìyàwó Ìjìó máa ń tijú, wọ́n á jẹ́ kí Àáfà bi wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó fi ohùn kékeré dáhùn.

"Misturat ọmọ Yẹ̀kínì," Àáfà bẹ̀rẹ̀, "ṣé o gbà láti fẹ́…"

"Mo gbà!"

Adìẹ tó ń jẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri fò sókè, gbogbo àgbàlá sì bú sẹ́rìn-ín.