Ẹni Tó Kọ́kọ́ Kan Ilẹ̀kùn

Wọ́n tẹ́ ọmọ Lois sùn lálẹ́, kò jí mọ́. Ara rẹ̀ kò gbóná, kò sì wúkọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni wàrà màlúù wọn gbẹ. Ní abúlé Harrow, lórí òkè Massachusetts, ta ni wọ́n máa di ẹ̀bi rù bí kò ṣe Tamsin, agbẹ̀bí tó gba ọmọ náà?

Kezia, ìyá ọkọ Lois, ló ń fọn ọ̀rọ̀ náà kiri. Ó tọ́jú irun ọmọ náà, ó sì búra pé ọjọ́ tí òun bá jù ú síná, ẹni tó bá kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn òun ni àjẹ́. Ọjọ́ tí Lois ń rọbí oyún kejì gan-an ló wá jù ú síná. Arúgbó yẹn mọ ohun tó ń ṣe.

Prudence aládùúgbò sáré wá bá Tamsin. "Ẹ má lọ o. Àwọn ọkùnrin wà nínú ilé Kezia pẹ̀lú okùn."

"Ẹsẹ̀ ọmọ ló wà nísàlẹ̀. Bí mi ò bá lọ, ìyá àti ọmọ máa kú."

"Bí ẹ bá lọ, wọ́n á yẹgi fún yín."

"Mo mọ̀." Tamsin wọ bàtà rẹ̀.

Òórùn irun jíjó pàdé rẹ̀ lọ́nà. Ẹ̀rù bà á gan-an. Nígbà tó dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó gbé ọwọ́ sókè, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀, ó sì lọ dúró sẹ́yìn òkìtì igi ìdáná nínú yìnyín.

Ilẹ̀kùn ṣí. Kezia yọjú, ó ń wo ojú ọ̀nà. "Asa, ti ilẹ̀kùn, kí o sì fa okùn tí wọ́n fi ń ṣí i láti ìta wọlé," ó sọ fún ọmọ rẹ̀, ọkọ Lois. "Má dá ohùn kankan lóhùn, kódà tèmi. Àjẹ́ máa ń jí ohùn. Ìgbà tí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn nìkan ni kí o ṣí i."

Ó rìn síwájú, ó sì rí Tamsin. "O ti dé. Lọ kàn án."

"Ẹ kọ́kọ́ wọlé, Màmá. Òtútù yìí á pa yín."

Kezia yíjú padà. Ilẹ̀kùn ti tì, okùn rẹ̀ sì ti wọlé.

"Asa, ṣílẹ̀kùn. Èmi ni."

Asa kò fọhùn. Ọmọ tó gbọ́ràn ni. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.

Arúgbó náà gbé ọwọ́ sókè, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kan ilẹ̀kùn náà. Nínú ilé, igbe Lois ti ń rẹlẹ̀.

"Èmi kọ́ ni mo pa ọmọ yẹn," ni Kezia wí, ó ń sunkún.

"Mo mọ̀. Èmi náà kọ́."

Tamsin di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n sì jọ kan ilẹ̀kùn náà lẹ́ẹ̀kan.

Asa ṣí i, àwọn ọkùnrin dúró sẹ́yìn rẹ̀. "Ta ló kọ́kọ́ kàn án?"

Kezia wo Tamsin bó ṣe ń gba àárín wọn kọjá lọ sọ́dọ̀ Lois.

"Afẹ́fẹ́ ni," ó ní. "Lọ gbé omi kaná."