Aṣọ Tí Kò Jẹ́ Kí Ìyá Mọ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí yín tayọ̀tayọ̀. Ọpẹ́ ni fún Olúwa tó dá wa sí di òní.

"Wò ó, ó ṣì bá mi mu rẹ́gí!"

Ìyá wọ aṣọ rẹ̀, ó ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún níwájú dígí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n ń pè ní Kíákíá nítorí bó ṣe ń sáré tẹ ẹ̀rọ, rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Lọ́dún tó kọjá, dókítà fún Ìyá ní abẹ́rẹ́ tó ń dín ebi kù. Ara rẹ̀ fúyẹ́, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀, ó sì rán aṣọ tuntun yìí. Bó ṣe rán an tán ló dá abẹ́rẹ́ náà dúró fúnra rẹ̀.

"Ọlọ́run ti ṣe é," ló wí. "Ọjọ́ tí aṣọ yìí bá fún mi, mo máa padà lọ rí dókítà."

Nígbà tó yá, ebi àtijọ́ padà dé, Ìyá sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í sanra. Kíákíá ń lọ aṣọ náà lọ́jọ́ kan, ó rí i pé òwú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti fẹ́ já. Àánú ìyá rẹ̀ ṣe é. Ó tú u, ó fẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó sì rán an padà láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà, ó tún tú u, ó tún fẹ̀ ẹ́ sí i.

Ṣùgbọ́n Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi bí ẹni jẹ iyọ̀. Ojú rẹ̀ ń ṣú. Òwú kò wọ ojú abẹ́rẹ́ mọ́.

"Màámi, ẹ jẹ́ ká lọ rí dókítà."

"Kí n lọ sọ kí ni? Ṣé aṣọ mi fún ni?"

Kíákíá kúnlẹ̀, omijé bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ dárí jì mí, mà. Èmi ni mo ń tú u."

Ìyá yí inú aṣọ náà síta, ó fọwọ́ wá ojú ihò tí abẹ́rẹ́ ìrán àkọ́kọ́ fi sílẹ̀ kiri. "Ọmọ mi, irọ́ lo rán wọ̀ mí."

Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ dókítà, ṣúgà rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó ti tẹ́lẹ̀.

"Kì í ṣe wọ̀bìà ló fà á, mà," ni dókítà wí. "Bí oògùn yìí bá kúrò lára, ebi sábà máa ń padà, ìsanra á tẹ̀lé e, ṣúgà náà á gòkè. Ká ní ẹ sọ fún wa ni, à bá jọ ṣètò rẹ̀."

Ìyá padà sẹ́nu ìtọ́jú, ojú rẹ̀ sì là díẹ̀díẹ̀, àmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, Kíákíá ló ń rán iṣẹ́ oníbàárà nígbà tó bá ti ilé ìwé dé. Ìyá fúnra rẹ̀ ló dá aṣọ náà padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ó sì gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí.

"Bó bá fún mi, jẹ́ kó fún mi," ló wí. "Má fọwọ́ kàn án."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, inúure tó ń fi òtítọ́ pamọ́ lè ṣe ẹni tí ẹ fẹ́ràn léṣe. Kí Olúwa fún yín ní ìfẹ́ tó lè sọ òótọ́, kí ó sì fi ìlera jíǹkí ilé yín. Àmín.