Olè Tó Bọ́ Bàtà Sẹ́nu Ọ̀nà

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé ni Tíṣà Sutapa Purkayastha ṣí yàrá ẹ̀rọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìlú Sunamganj, tó sì rí i pé ẹnì kan ti ṣáájú òun débẹ̀. Wáyà mẹ́ta ń fì lára ògiri, kò sóhun tí wọ́n so mọ́ mọ́. Lórí tábìlì, eruku yí ojú kan po, ojú ibẹ̀ sì mọ́ roro. Ibẹ̀ ni àpótí kọ̀ǹpútà tó fi gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn tò máa ń jókòó sí. Ìlẹ̀kùn ò fọ́, àgádágodo ò sì ní ìpalára kankan.

Kí Ìnsípẹ́kítọ̀ ọlọ́pàá Monowara Talukdar tó dé, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà, Begum Hosne Ara, ti dá ẹjọ́ tán. Ó ní ọwọ́ Sutapa ni kọ́kọ́rọ́ yàrá náà ń gbé. Lóòótọ́, òmíràn wà lórí ìṣó nínú yàrá àwọn tíṣà, àmọ́ kí ni ẹlòmíràn fẹ́ fi ṣe? Ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ń bọ̀ wá jókòó nírọ̀lẹ́, wọn yóò sì dá Sutapa dúró lẹ́nu iṣẹ́. Sutapa gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó kàn ń wo àwọn wáyà náà bí ìyá tí wọ́n gbé ọmọ rẹ̀ lọ.

Obìnrin kúkúrú ni Monowara, kì í sáré, kì í pariwo, àmọ́ kò sí nǹkan tí ojú rẹ̀ ń fò dá. Ó fa àga kan, ó jókòó ti Sutapa.

"Ẹ sọ̀rọ̀, Tíṣà. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́."

"Ọ̀gá, ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ kan," Sutapa dáhùn. "Ẹ bá mi wá àpótí yẹn. Tí wọ́n bá fẹ́ lé mi, kí wọ́n lé mi lẹ́yìn ìdánwò."

Ìdáhùn yìí wọ Monowara lára. Ó ní kí ó ṣàlàyé iṣẹ́ tí àpótí náà ń ṣe, kí ó sì rọra ṣe é, torí pé orí òun ò yá nídìí ẹ̀rọ. Sutapa ṣàlàyé. Kọ̀ǹpútà àlòkù kan tí wọ́n fẹ́ dà nù ló gbà. Ó ki ibi ìpamọ́ ńlá sínú rẹ̀, ó so ó mọ́ bátìrì kí ìlọbọ̀ iná ọba má baà dà á láàmú, ó wá fa wáyà láti ara rẹ̀ lọ bá wáyà Badrul, ẹni tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì káàkiri ìlú. Láti ọjọ́ náà, ilé yòówù tí wáyà Badrul bá dé lè tẹ nọ́ńbà àpótí náà sórí fóònù, kí ó sì mú ẹ̀kọ́ tó bá wù ú, láìná owó tákà kan lórí dátà, kódà bí íńtánẹ́ẹ̀tì gbogbo ayé bá kú. Bí omi òjò bá bo ọ̀nà mọ́lẹ̀, tí àwọn ọmọ ò lè jáde, ẹ̀kọ́ ni yóò máa wá wọn lọ sílé. Sutapa fi ọ̀rọ̀ ìwọlé ti fódà kan. Ó fi òmíràn sílẹ̀ gbayawu, kí ẹnikẹ́ni tó bá ní nǹkan lè ju sínú rẹ̀ fún àwọn yòókù, àmọ́ òun nìkan ló lè yọ nǹkan kúrò.

"Ẹ̀yin nìkan lẹ ṣe gbogbo ìyẹn?"

Sutapa ní bẹ́ẹ̀ ni. Monowara tún wo àwọn wáyà náà, bí wọ́n ṣe dì wọ́n dáadáa, tí wọ́n lẹ orúkọ mọ́ ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan, orí rẹ̀ sì wú. Ẹni tó bá ṣe irú iṣẹ́ báyìí kì í jí i gbé. Ṣùgbọ́n orí wíwú kì í ṣe ẹ̀rí níwájú ìgbìmọ̀, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó jáde sí fàráńdà. Òjò ti rọ̀ ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ ìsinmi ilé-ẹ̀kọ́, ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ tó ti gbẹ sì wà nílẹ̀ láti yàrá àwọn tíṣà títí dé ẹnu ọ̀nà yàrá ẹ̀rọ. Ibẹ̀ ló parí sí. Inú yàrá mọ́ tónítóní. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn, àmì ẹrẹ̀ bàtà méjì wà, bàtà ọkùnrin, ó tóbi. Wọ́n tò ó pọ̀ bíi ti ẹni tó fẹ́ kírun, gìgísẹ̀ rẹ̀ kọjú sí ìlẹ̀kùn, orí rẹ̀ kọjú síta.

"Ta ló ṣòfin pé kí wọ́n máa bọ́ bàtà kí wọ́n tó wọlé?"

"Èmi ni," Sutapa wí. "Eruku àti ẹrẹ̀ lọ̀tá ẹ̀rọ. Àwọn tíṣà kọ́kọ́ kùn, àmọ́ ó ti mọ́ wọn lára."

Monowara rẹ́rìn-ín sínú. Ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá, kò tí ì rí olè tó níwà tó bẹ́ẹ̀ rí.

Wọ́n gbé tíì àti shingara gbígbóná, ìpápánu tí wọ́n di ànàmọ́ sínú ìyẹ̀fun, wá fún un ní yàrá àwọn tíṣà. Tíṣà ìṣirò àgbà, Golam Rabbani, ló fọwọ́ ara rẹ̀ bù ú fún un. Ọkùnrin gíga ni, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, kò sì sí ẹni tó ń kọjá lára rẹ̀ ní Sunamganj tí kì í kí i. Ó ní òun ò fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn, síbẹ̀ ó sọ ọ́.

"Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà, Ìnsípẹ́kítọ̀. Ẹ wo inú ilé dáadáa. Mo tiẹ̀ lè bá yín mú àkókò. Lánàá, lẹ́yìn ìrun Aláásàrí, mo wà nílé mi ní Notunpara, mò ń wo ẹ̀kọ́ kan láti inú àpótí yẹn lórí fóònù. Lójijì ló dá dúró. Mi ò mọ̀ pé ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n ń fà á yọ. Àwọn àna mi wà lọ́dọ̀ mi, ẹ lè bi wọ́n."

Monowara dúpẹ́, ó sì jẹ shingara rẹ̀ tán. Àwọn àna náà jẹ́rìí pé láti ìgbà tí àwọn ti kírun Jímọ̀ tán ni àwọn ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀, títí di àṣálẹ́. Wọ́n kì í ṣe òpùrọ́.

Orí àkàsọ̀ ọparun ni Monowara ti bá Badrul, ó fẹ̀yìn ti òpó, ó ń tú wáyà tó lọ́ mọ́ra. Ẹsẹ̀ lásán ló wà. Ó ní láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí, òun ò wọ bàtà lọ síbi iṣẹ́ mọ́, torí bàtà máa ń yọ̀ lórí ọparun. Monowara bi í léèrè bí ọjọ́ Jímọ̀ ṣe rí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má rán mi létí ọjọ́ yẹn. Igi wó lu wáyà iná ní Notunpara kí wọ́n tó pe ìrun Jímọ̀, iná ò dé títí di Màgàríbù. Gbogbo àpótí mi tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì lórí òpó àdúgbò yẹn kú fin-ín-fin-ín. Èébú tí mo jẹ lórí fóònù, ẹ ò lè kà á tán."

"O ò fi bátìrì sí wọn?"

"Bátìrì kẹ̀? Tí mo bá gbé bátìrì sórí òpó lónìí, ṣé màá bá a níbẹ̀ lọ́la?"

"Àwọn tó ní bátìrì nílé wọn ńkọ́?"

Badrul bú sẹ́rìn-ín. "Àwọn olówó yẹn? Fáànù wọn ń fẹ́, gílóòbù wọn ń tàn, wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé iná lọ. Àmọ́ wáyà tèmi, òkú ni lójúlé gbogbo wọn."

Monowara kúrò lábẹ́ òpó náà. Ó ti mú ìdí ọ̀rọ̀ kan, ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ó mọ ẹni tó purọ́, kò tí ì mọ ohun tó lè sún irú ẹni bẹ́ẹ̀ jalè.

Begum Hosne Ara ti sọ fún un pé tí kì í bá ṣe Sutapa, á jẹ́ Lokman, torí pé Lokman ń ta fíìmù àti orin sínú káàdì fóònù létí èbúté, àpótí ọ̀fẹ́ náà á sì ti ba ọjà rẹ̀ jẹ́. Lokman fúnra rẹ̀ fi bàtà ẹlẹ́rẹ̀ rìn láàárín ẹ̀rọ mẹ́rin tó tò sílẹ̀, kò sì wo ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó gbọ́ ẹ̀sùn náà, ó fọwọ́ lérí.

"Ọ̀gá, inú àpótí yẹn ni mo ti ń bu ọjà! Wáyà Badrul ò dé àwọn abúlé inú adágún. Àwọn ọlọ́kọ̀ ló ń gbé káàdì wá, èmi ni mò ń kó ẹ̀kọ́ sí i fún àwọn ọmọ wọn. Ta ló ń pa màlúù tó ń fún un ní wàrà?"

"Èwo ni wọ́n ń béèrè jù?"

"Ìṣirò Tíṣà Rabbani. Kì í ṣe èyí tó kọ́ ní kíláàsì o. Ti ilé rẹ̀ ni, èyí tí wọ́n ń sanwó fún. Ọmọ kan ló jókòó sẹ́yìn tó fi fóònù ká a sílẹ̀, tó jù ú sínú fódà gbayawu."

Ó fi fídíò méjèèjì han Monowara lórí ẹ̀rọ. Nínú ti kíláàsì, Rabbani kọ ẹ̀yìn sí àwọn ọmọ, ó ń kùn sí ara pátákó, ó fo ìlà méjì, ó ní kí wọ́n lọ parí rẹ̀ nílé. Nínú ti ilé, ẹlòmíràn ni. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi ẹja àti àwo ṣàlàyé, ó ń dúró de ọmọ tí kò yé, ó ń pe orúkọ olúkúlùkù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Monowara fìdí rẹmi nínú ìṣirò nígbà èwe rẹ̀. Lónìí, lórí àpótí ọtí ẹlẹ́rìndòdò létí èbúté, ọ̀rọ̀ náà yé e yékéyéké, ó sì bínú pé kò bá irú tíṣà yìí pàdé tẹ́lẹ̀.

"Àwọn òbí ti ń fi méjèèjì wéra," Lokman wí. "Wọ́n ní ó ń pa ẹ̀kọ́ mọ́ ní kíláàsì kí àwọn ọmọ lè wá sanwó nílé rẹ̀, àwọn sì fẹ́ gbé e wá síwájú ìgbìmọ̀."

Nírọ̀lẹ́, Monowara bẹ ìgbìmọ̀ àti àwọn tíṣà pé kí wọ́n jókòó sínú yàrá ẹ̀rọ. Wọ́n bọ́ bàtà dà sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì wọlé. Òun ló wọlé kẹ́yìn. Bàtà gbogbo wọn wà bí wọ́n ṣe bọ́ ọ jù sílẹ̀, àfi bàtà ẹnì kan tí wọ́n yí padà, tí wọ́n tò pọ̀, tó kọjú síta.

"Ta ló ni bàtà tó kọjú síta yìí?"

"Èmi ni," Rabbani wí. "Kí ó lè rọrùn láti wọ̀ tí mo bá ń jáde ni."

"Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe lánàá, Tíṣà."

Monowara rọra sọ tirẹ̀. Olè àjèjì kì í bọ́ bàtà, nítorí náà ẹni tó ti mọ́ lára ni, tó sì mọ kọ́kọ́rọ́ orí ìṣó. Sutapa ò nílò láti gbé àpótí, torí pé bó bá fẹ́ pa nǹkan kan rẹ́, ọ̀rọ̀ ìwọlé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó gbé odindi àpótí ni ẹni tó fẹ́ kí nǹkan kan ṣoṣo parẹ́, tí kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́. Àsìkò ìrun Jímọ̀ ló wá, nígbà tí ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì wà ní mọ́sálásí. Ó wá pa irọ́ kan láti sún olè jíjà náà dé Aláásàrí, nígbà tí àlejò yí i ká.

"Bátìrì wà nílé yín," ó wí. "Bátìrì wà níbí. Kò sí lórí òpó tó wà láàárín. Láti ìgbà tí wọn ò tí ì kírun Jímọ̀ títí di Màgàríbù, kò sí ilé kan ní Notunpara tó lè rí àpótí yẹn. Kí lẹ wá ń wò, Tíṣà?"

Rabbani dìde.

"Abẹ́ bẹ́ǹṣì ló wà, nínú yàrá tí mo ti ń kọ́ wọn nílé. Mo gbé e dé etí odò. Ọwọ́ mi ò gbà láti jù ú sómi. Mo rí bó ṣe to inú rẹ̀." Ó kọjú sí Sutapa. "Mo ti ń kọ́ni kí wọ́n tó bí ọ, ọmọ mi. Mo mọ iṣẹ́ tí èèyàn fi ọkàn ṣe."

Wọ́n lọ gbé e wá. Sutapa so wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà, ó tẹ̀ ẹ́, àpótí náà kùn, iná aláwọ̀ ewé rẹ̀ ń ṣẹ́jú. Gbogbo ẹ̀kọ́ pé. Inú Monowara dùn débi pé ó pàtẹ́wọ́. Begum Hosne Ara bẹ Sutapa lójú gbogbo wọn, ó sì ní kí ó yọ fídíò Rabbani kúrò níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ìtìjú má baà tàn sí i.

"Rárá, Mà," Sutapa wí. "Òun ló dára jù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdajì ni. Bátìrì fóònù ọmọ yẹn tán kí wọ́n tó dé ibi tí ìdánwò ti máa ń béèrè." Ó yíjú sí Monowara. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó mú un lọ, ẹ jẹ́ kó kọ́ wọn ní ìyókù."

Monowara wo ọkùnrin náà, ó wo pátákó tó wà lára ògiri. Ó fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sórí tábìlì, ó fa bẹ́ǹṣì, ó jókòó. Sutapa gbé fóònù rẹ̀ sókè.

Rabbani mú ṣọ́ọ̀kì. Ó kọ́kọ́ kọ ẹ̀yìn sí wọn, bó ṣe máa ń ṣe ní kíláàsì. Lẹ́yìn náà ó yípadà, ó wo inú fóònù náà tààrà, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ sún mọ́bí," ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ni. Kò fo ìlà kankan. Nígbà tó parí, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ, ó sì na méjèèjì sí Monowara.