Ọ̀nà Tó Gba Skardset Kọjá

Ọkùnrin kan kúnlẹ̀ sáàárín ọ̀nà, ó ń bẹ ewúrẹ́. Ohun tí Tordis kọ́kọ́ rí nìyẹn nígbà tó yọ lórí òkè Skardset pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ewúrẹ́ náà funfun báláú, agogo wà lọ́rùn rẹ̀, ó nà gbalaja sórí òkúta wẹ́wẹ́ bí ìyàwó olóyè, ọkùnrin náà sì pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀ níwájú rẹ̀.

"Gullrosa, ìyá rere, èmi ni mo jẹ̀bi. Dìde, jọ̀ọ́, ká máa lọ sílé."

Ẹ̀rín ni Tordis ń rín tí kò fi tètè tẹ bíréèkì. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ibẹ̀ ò sì gba àwàdà. Táyà ẹ̀yìn yọ̀, kẹ̀kẹ́ gba ọ̀tún, òun gba òsì, ó sì bá ara rẹ̀ nínú odò kékeré kan tó tutù bí yìnyín. Kó tó gbé orí sókè, ewúrẹ́ ti dìde, ó ti wá dúró tì í, ó ń wò ó.

"O ṣeun gan-an ni," ọkùnrin náà wí, ó na ọwọ́ sí i. "Láti àárọ̀ ni mo ti ń bẹ̀ ẹ́. Mi ò mọ̀ pé ìran ló fẹ́ wò."

"Ṣé o ò ní kọ́kọ́ bi mí bóyá mo ṣèṣe ni?"

"Ẹni tó ṣèṣe kì í bínú tó báyìí."

Ó fà á jáde. Sigve lorúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni, ó ga, irun rẹ̀ pọ́n bí irin tó dógùn-ún, ọwọ́ rẹ̀ sì ń rùn wàrà. Òun àti ìyá rẹ̀ ló máa ń kó ọgọ́rin ewúrẹ́ wá sí abà orí òkè náà bí yìnyín bá ti yọ́ tán. Wọn a fún wàrà, wọn a sè é nínú ìkòkò ńlá títí yóò fi pọ́n tí yóò sì dì, wọn a wà níbẹ̀ títí òtútù yóò fi lé wọn padà sí àfonífojì.

Ìlú Bergen ni Tordis ti wá. Ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá èbúté ló ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, ṣùgbọ́n gbogbo ìsinmi rẹ̀ láti ọdún méjì ló fi ń gun àwọn ọ̀nà tí wọn ò da ọ̀dà sí, tó ń kó wọn jọ sínú ìwé fún àwọn oníkẹ̀kẹ́. "Ọ̀nà ọlọ́dà ti ọkọ̀ ni," Tordis a máa wí. "Ọ̀nà olókùúta wẹ́wẹ́, ti ẹni tó fẹ́ gbọ́ ohùn omi ni." Ibì kan ṣoṣo ló ń dùn ún. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè gun kẹ̀kẹ́ kúrò ní àfonífojì Bruvatn lọ sí ìkejì rẹ̀, àfi kó gba títì ńlá tí àwọn ọkọ̀ akógẹdú ti ń sáré àsápajúdé. Àfi kó gba Skardset. Géètì onígi kan ló sì wà ní Skardset, wọ́n kan pátákó mọ́ ọn pé: KẸ̀KẸ́ KÒ GBỌDỌ̀ KỌJÁ.

"Ta ló kọ èyí?" Tordis béèrè, omi ṣì ń kán lára rẹ̀.

"Màmá mi ni."

"Ṣé wọ́n le ni?"

"Rárá o. Àfi bí o bá gun kẹ̀kẹ́."

Gudveig, ìyá rẹ̀, fún un ní aṣọ gbígbẹ, kọfí, àti búrẹ́dì tó tẹ́ wàràkàṣì pupa lé, nítorí lórí òkè yẹn wọn kì í jẹ́ kí ẹni tó tutù kọjá lọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Ọdún méjì sẹ́yìn, oṣù kan lẹ́yìn tí wọ́n sin ọkọ rẹ̀, àwọn oníkẹ̀kẹ́ kan kọjá, wọn ò ti géètì. Kùrukùru bolẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ewúrẹ́ mọ́kànlá ló já sínú ọ̀gbun.

"Mọ́kànlá," ni Gudveig wí. "Mo mọ orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan."

Tordis gbé ife kọfí kalẹ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà," ni ó wí.

Nígbà tí Sigve ń sìn ín lọ, ó fà á lọ sẹ́yìn ilé ewúrẹ́, ó ṣí tapólì kan sókè. Kẹ̀kẹ́ àtijọ́ ni, ti bàbá rẹ̀ tó kú.

"Wàrà lo fi ń kun ṣéènì yìí ni?" Tordis fi ìka kàn án. "Ó ti gan."

"Ìdí nìyí tí mo fi ní kó o wò ó. Dókítà kẹ̀kẹ́ kì í sábà jábọ́ sínú odò wa."

"Màá mú epo wá ní Sátidé."

Ó mú un wá lóòótọ́. Láti Sátidé yẹn, gbogbo ìgbà ooru ni wọ́n fi jọ gun kẹ̀kẹ́. Sigve a kọ́kọ́ ti tirẹ̀ gba inú igbó kọjá kí ojú ìyá rẹ̀ má baà tó o, wọn a wá pàdé nísàlẹ̀ òkè. Wọ́n gba ọ̀nà tó pẹ́kọrọ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọṣọ̀ọ̀rọ̀ omi. Wọ́n gba àárín àwọn igi tí èèpo wọn funfun, níbi tí àgùntàn ti ń sùn sójú ọ̀nà bí ẹni pé àwọn ni ìjọba. Wọ́n ṣa èso igbó tí wọ́n ń pè ní mólte nínú ẹrẹ̀ títí ẹnu wọn fi pọ́n. Sigve mọ orúkọ gbogbo òkè. Tordis kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń jo afẹ́fẹ́ táyà díẹ̀ kí òkúta má baà máa gbọn ènìyàn bí èlùbọ́ nínú kọ̀ǹkọ̀sọ̀.

"Rọra, ìwọ obìnrin yìí! Ṣé wọ́n ń lé ẹ ni?"

"Gun òkè, yé é sọ̀rọ̀. Èémí tó o fi ń wí yẹn, o máa nílò ẹ̀ lókè."

Ọjọ́ kan nínú oṣù kẹjọ, wọ́n jókòó létí adágún Bruvatn, wọ́n ti ẹsẹ̀ bọ omi.

"Ojú mi ti rí ọ̀nà," Tordis wí. "Mi ò tíì rí èyí tó wù mí pé kó má tán."

"Ṣé ọ̀nà ló wù ẹ́, àbí ẹni tó ń tẹ̀ lé ẹ?"

"Èyí tó ń mí bíi màlúù lẹ́yìn mi yẹn?"

"Òun náà ni."

"Òun náà ni, Sigve," ó dáhùn jẹ́ẹ́jẹ́, kò sì ṣàwàdà mọ́. Ó fi ẹnu kò ó lẹ́nu, adágún sì ń dán lójú wọn bíi dígí.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n gbàgbé láti pínyà nísàlẹ̀ òkè, tí wọ́n jọ gun kẹ̀kẹ́ gòkè. Gudveig dúró sí ẹnu géètì, ó ká ọwọ́ lérí àyà.

"Àṣé ọ̀nà mi lò ń wá," ó wí fún Tordis. "Ọmọ mi lo wá sọ di kọ́kọ́rọ́."

Tordis yíjú sí Sigve. Sigve ń wo bàtà. Ẹni tó lè bẹ ewúrẹ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, kò rí gbólóhùn kan sọ. Bẹ́ẹ̀ bí a bá dákẹ́, tara ẹni a bá ni dákẹ́.

"Ẹ̀yin lẹ ni ọ̀nà yín, mà," Tordis wí níkẹyìn. "Mi ò ní fi í sínú ìwé. Ní ti ọmọ yín, òun náà lẹ́nu." Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, kò wẹ̀yìn.

Sigve pè é lórí fóònù lẹ́ẹ̀méje, kò gbé e. Ohun tó fẹ́ gbọ́, ẹnu géètì ló yẹ kó ti gbọ́ ọ. Yìnyín bọ́, ó bo gbogbo òkè. Àwọn tó fẹ́ tẹ ìwé bi í pé kí ló dé tó yọ ọ̀nà tó dùn jù sílẹ̀. "Kì í ṣe tèmi," ó dá wọn lóhùn. Nígbà tí ìwé jáde ní oṣù kẹrin, ó fi ẹyọ kan ránṣẹ́ sí Gudveig, kò kọ lẹ́tà sí i.

Ọ̀sẹ̀ kejì nínú oṣù kẹfà, òjò ń rọ̀ ní Bergen bí ìṣe rẹ̀, Tordis ń tọ́ wáyà ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kan, nígbà tí ẹnìkan ti kẹ̀kẹ́ wọlé. Ẹrẹ̀ bo ẹni náà láti orí dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ń tún nǹkan ṣe níbí? Kò sí ohun tó ṣe kẹ̀kẹ́. Èmi ni mo bàjẹ́."

Irinṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Tordis. "Sigve! Láti Skardset? Reluwé ńkọ́?"

"Ó wà. Bí mo bá wọ reluwé, màá débí kí n tó ní ìgboyà. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gun kẹ̀kẹ́ wá." Ó fẹ́ jókòó, ó yára dìde padà. "Ìdí mi ò gba ìjókòó."

Tordis ò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ò gbọ́ràn.

"Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn," Sigve wí. "Mo jẹ́ kó o nìkan dúró. Mo ti sọ ọ́ báyìí. Mo sọ fún Màmá pé ọwọ́ mi ni mo fi mú ẹ wá, pé mo nífẹ̀ẹ́ ẹ, pé kì í ṣe ìwọ ni wọ́n máa bínú sí."

"Ìgbà wo lo sọ ọ́?"

"Oṣù kẹta."

"Oṣù kẹta! Láti oṣù kẹjọ?"

"Mò ń múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ni."

Fóònù rẹ̀ dún. Ohùn Gudveig jáde ketekete. "Ṣé o ti débẹ̀? Ṣé ó ti lé ẹ?"

"Kò tíì lé mi, Màmá."

"Gbé e fún un."

Tordis gba fóònù. "Ẹ káàsán, mà."

"Mo ka ìwé rẹ. O kọ ọ́ síbẹ̀ pé, 'Yí padà ní géètì yìí. Àwọn tó ni ọ̀nà ti pàdánù tó.' O ò dárúkọ mi, o ò bú mi. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Sigve kan géètì tuntun. Ó so òkúta mọ́ ọn, bí ènìyàn bá kọjá, á padé fúnra ẹ̀. Mo dúró tì í látàárọ̀ dọ́sàn-án, ewúrẹ́ kankan ò rí i ṣí. Mo ti yọ pátákó yẹn. Bó o bá tún ìwé tẹ̀, fi wá sí i."

"Ẹ ṣeun gan-an, mà."

"Má tíì dúpẹ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyí. Mo ṣì ẹ́ mú, mo sì ń bẹ̀ ẹ́. Ọmọ mi yìí ti rù. Ohun yòówù tó o bá fẹ́ wí fún un, wí i. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ fún un lóúnjẹ."

Yàrá Tordis wà lókè ṣọ́ọ̀bù. Ó gbé ọbẹ̀ ẹja fún un, Sigve sì ń jẹ ẹ́ ní ìdúró.

"Mo ti rò ó lórí kẹ̀kẹ́," ó wí. "Nígbà òtútù, ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní àfonífojì lè bá wa wo ewúrẹ́, kí n wá bá ẹ níbí. Nígbà ooru, kó o wá sókè. Mo lè ta wàràkàṣì lọ́jà èbúté. Wàá sì máa—"

"O ti rò gbogbo ẹ̀ tán. O ò tíì bi mí."

Sigve gbé ṣíbí kalẹ̀. Ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò tó dọ̀tí ju ọwọ́ lọ. "Mo múra ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀, ó dára gan-an. Òkè tó kẹ́yìn gbà á lọ́wọ́ mi. Tordis, ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Màá fẹ́ ẹ," ó dáhùn. "Bó o bá lè máa sọ̀rọ̀ kó tó di oṣù kẹta."

Sigve rẹ́rìn-ín, ó gbá a mọ́ra, ẹrẹ̀ sì kun àwọn méjèèjì. Kò pẹ́ tí Sigve fi dojú bolẹ̀ lórí ibùsùn, tí oorun gbé e lọ, ó ń sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó lọ́wọ́. Tordis fi aṣọ bò ó. Ó mú fóònù, ó pe Skardset.

"Ó ti jẹun, Màmá," ó wí.

Kò pe Gudveig bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí obìnrin náà dáhùn, ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Ó dáa, ọmọ mi," ni Gudveig wí. "Ìwọ náà, ṣé o ti jẹun?"